Ohun tó wà lókè ìlẹ̀kùn mi: lẹ́tà sí Màámi láti Kildare

Kildare, ilẹ̀ Ireland
Oṣù Fẹ́búárì

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àmójútó ilé. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́? Ìyàwó Káyọ̀dé ńkọ́, ṣé ó ń rí oorun sùn pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù rẹ̀ yẹn? Àwa níbí ń dúpẹ́. Àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé, bàbá wọn kò dẹwọ́ lẹ́nu iṣẹ́, èmi náà ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú. Òtútù ṣì ń mú, àmọ́ ilẹ̀ ti ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí Ṣadé fi fọ́tò ilé wa hàn yín lórí fóònù, ẹ rí nǹkan kan tí mo gbé kọ́ sókè ìlẹ̀kùn, ẹ sì bi mí pé, ṣé àgbélébùú ni àbí oògùn? Mo gbọ́ bí ohùn yín ṣe yí padà. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já, tí àwọn ọmọ ń pariwo. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé abéèrè kì í ṣìnà, nítorí náà mo fẹ́ dá yín lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àgbélébùú ni, Màámi. Koríko irà ni mo fi hun ún, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi hun ún. Orúkọ obìnrin kan ni wọ́n ń pè mọ́ ọn, Brigid, tí àwọn tó ń sọ èdè ilẹ̀ yìí ń pè ní Bríd. Ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì ni ọdún rẹ̀. Irọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń hun àgbélébùú náà, wọ́n á wá gbé e kọ́, ibẹ̀ ló sì máa wà títí ọdún á fi yípo.

Patrick ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn fadá láti ibí ló gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, títí wọ́n fi fi í ṣe ẹni mímọ́ alábòójútó Nàìjíríà ní 1961. Àwọn sísítà St Louis tó dá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ náà, Monaghan níbí ni ilé wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Bìrìtéènì ni wọ́n ti jí Patrick gbé, tí wọ́n mú un wá sí Ireland lẹ́rú. Brigid ní tirẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni. Òun, Patrick àti Columba ni wọ́n kà sí alábòójútó ilẹ̀ náà. Ọdún Patrick, ojú títì ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìlù àti fèrè àti aṣọ aláwọ̀ ewé. Ti Brigid, inú ilé ni: ẹnu ọ̀nà, ìdí ààrò, ibùjẹ ẹran, gbogbo ibi tí ìyá ilé ń dúró sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wọ̀ mí lọ́kàn ju ti Patrick lọ.

Ìtàn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nìyí. Ní nǹkan bí ọdún 451 ni wọ́n bí i, ní Faughart, nítòsí ìlú Dundalk. Ọlọ́lá ni bàbá rẹ̀, Dubthach. Ẹrú inú ilé Dubthach ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyálé ilé rí i pé ẹrúbìnrin náà ti lóyún fún ọkọ òun, ó fárígá pé àfi kí wọ́n tà á, wọ́n sì tà á toyúntoyún. Nígbà tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ìyá yìí ń gbé wàrà bọ̀ nílé olówó rẹ̀ tuntun, oòrùn ń yọ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ inú ilé, èkejì ṣì wà níta. Orí ìloro yẹn ni ọmọ dé sí. Wọn kò bí i sínú ilé, wọn kò bí i síta. Látìgbà yẹn ni ẹnu ọ̀nà ti di ibi tí wọ́n ti ń pàdé rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, ìyá rẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ bá, obìnrin tí wọ́n tà pẹ̀lú ọmọ nínú, tó ṣì ń gbé wàrà ẹni ẹlẹ́ni ní àárọ̀ ọjọ́ ìrọbí.

Ọmọ náà dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan mọ́. Wàrà, bọ́tà, oúnjẹ ilé bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń kó fún àwọn tí ebi ń pa. Ó sú bàbá rẹ̀. Ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó ní òun ń lọ tà á fún ọba Leinster kó máa lọ ọkà fún un. Bàbá wọlé lọ bá ọba, ó fi idà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ níta. Adẹ́tẹ̀ kan ń kọjá, ó tọrọ bárà, Brigid sì gbé idà olówó iyebíye náà lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ọba pè é pé kí ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní bí ọrọ̀ ọba àti ti bàbá òun bá bọ́ sọ́wọ́ òun, Ọlọ́run ni òun máa kó gbogbo rẹ̀ fún. Ọba bá sọ fún bàbá pé ọmọ yìí ga lójú Ọlọ́run ju àwa méjèèjì lọ. Bí ó ṣe dòmìnira nìyẹn.

Ẹ̀yin aláṣọ, èyí tó kàn yìí máa dùn mọ́ yín. Brigid fẹ́ ilẹ̀ tí yóò kọ́ ilé Ọlọ́run sí, ọba kò fẹ́ fún un. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ ṣáà fún mi ní ìwọ̀n ibi tí aṣọ ìborùn mi bá bò." Ọba rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ọmọbìnrin mẹ́rin di etí aṣọ náà mú, ọ̀kan kọjú sí ìlà oòrùn, ọ̀kan sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, aṣọ náà sì ń fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, títí ó fi bo odindi pápá. Curragh ni wọ́n ń pe pápá yẹn. Ó tó nǹkan bí 5,000 éékà, koríko tútù lọ kánrin, kò sí ọgbà tó yí i ká. Àgùntàn ń jẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fi ẹṣin sáré ìje níbẹ̀, bárékè àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì wa ń gbà kọjá. Kò sí ọjọ́ tí mo kọjá tí n kì í rántí aṣọ náà.

Abẹ́ igi óákù kan ni ó kọ́ ilé rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni Kildare ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 650, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ́ Cogitosus kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ lédè Látìn. Ó ṣàlàyé bí ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà yẹn ṣe rí: ògiri pín in sí méjì, ọkùnrin ń gba ilẹ̀kùn kan wọlé, obìnrin ń gba òmíràn. Àtọkùnrin àtobìnrin tó fi ayé wọn fún Ọlọ́run ló wà níbẹ̀, Brigid fúnra rẹ̀ ló sì ránṣẹ́ pe Conleth kó wá bá òun ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Obìnrin ló ránṣẹ́ pe bíṣọ́ọ̀bù, Màámi! Nǹkan bí ọdún 525 ni wọ́n ní ó kú. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀ lónìí, ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n kọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì sọ ọ́. Ìjọ Áńgílíkà ló ni ín, ìjọ tiwa gan-an. Mo ti jókòó nínú rẹ̀. Ilé ìṣọ́ olókùúta roboto kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ga ju mítà 30 lọ, èèyàn lè gun àtẹ̀gùn dé orí rẹ̀ kó máa wo gbogbo agbègbè.

Mo mọ ìbéèrè tó kù lẹ́nu yín. Ṣé kò sí òrìṣà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó wà, n kò sì ní bò ó fún yín. Cormac, tó jẹ ọba tó tún jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Cashel, kú ní 908. Ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè mọ́ orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú rẹ̀ pé òrìṣà obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Brigit, ọmọ òrìṣà ńlá kan tó ń jẹ́ Dagda, tí àwọn akéwì ń bọ, pé ó sì ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n méjì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn kan náà, ọ̀kan ń wo àìsàn, èkejì ń ṣe alágbẹ̀dẹ. Ọjọ́ ọdún náà pẹ̀lú ti wà kí ìgbàgbọ́ tó dé. Imbolc ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Mẹ́rin ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba wọn fi pín ọdún: Samhain ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Nòfẹ́ńbà, Imbolc ní Fẹ́búárì, Bealtaine ní Méè, Lughnasa ní Ọ́gọ́ọ̀sì. Ní Imbolc, àgùntàn tó lóyún bẹ̀rẹ̀ sí í ní wàrà lọ́mú. Fún àwọn tí oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́ láti ìgbà ìkórè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wàrà yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ìyè àti ikú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Brigid kì í fi í kúrò lórí wàrà, bọ́tà àti màlúù.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní kò sí ènìyàn kankan, pé òrìṣà yẹn ni wọ́n sọ di Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn mìíràn ní obìnrin kan wà lóòótọ́ tó dá ilé Kildare sílẹ̀, pé nígbà tó yá ni ìtàn òrìṣà wá lẹ̀ mọ́ tirẹ̀ nítorí orúkọ. Ti àwọn wọ̀nyí ni mo gbà. Ilé kan kì í dìde fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ni láti tọrọ ilẹ̀, kó kó àwọn èèyàn jọ, kó bọ́ wọn. Bí àwọn àgbẹ̀ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá sì kó gbogbo ohun rere tí wọ́n mọ̀ látẹ̀yìnwá lé e lórí, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé Ọya sábẹ́ orúkọ Màríà ti Candelaria, ọjọ́ kejì oṣù Fẹ́búárì ni wọ́n sì ń ṣe é, ọjọ́ kejì Brigid gan-an. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sókun ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil. Kò sí ẹni tó kọ́ ẹnìkejì láàárín wọn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ yìí nìkan kọ́ ni inúnibíni àti ìgbàgbọ́ tuntun ti bá àwọn obìnrin, tí wọ́n sì wá ọ̀nà tí ohun tí wọ́n fẹ́ràn kò fi ní pòórá.

Iná wà pẹ̀lú. Ní 1185, àlùfáà kan láti Wales, Gerald, bá ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John, wá sí Ireland, ó sì kọ ohun tó gbọ́ ní Kildare sílẹ̀. Ó ní iná kan ń jó níbẹ̀ tí kì í kú láti ìgbà ayé Brigid, eérú rẹ̀ kì í sì í pọ̀ sí i. Sísítà 19 ló ń ṣọ́ ọ, ẹnìkọ̀ọ̀kan ní alẹ́ tirẹ̀. Bó bá di alẹ́ ogún, ẹni tó ṣọ́ ọ kẹ́yìn á to igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, á sọ fún Brigid pé alẹ́ rẹ̀ rèé, kó wá ṣọ́ iná rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á rí i pé igi ti jó, iná ṣì wà. Ọgbà igi yí iná náà ká, ọkùnrin kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ká ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni iná náà kú. Ó wà ní kíkú títí di 1993, nígbà tí àwọn sísítà Brigidine tún un dá ní gbàgede ọjà Kildare. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì 2006, Mary McAleese tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà dáná sórí ọwọ̀n kan tí wọ́n ṣe lọ́jọ̀ fún un ní gbàgede yẹn kan náà. Ìpìlẹ̀ olókùúta ilé iná àtijọ́ ṣì wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó kéré, èèyàn lè fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ rìn ín já. Ojú mi rí i, ọkàn mi sì kún.

Ẹ wá jẹ́ kí n dé ìdí àgbélébùú náà. Ọ̀dọ̀ màmá àgbà kan nílé ìtọ́jú wa ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọ Donegal ni wọ́n, lápá àríwá ilẹ̀ yìí. Wọ́n ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ wọn, ṣùgbọ́n bí oṣù Jánúárì bá ti ń parí lọ, wọ́n á máa béèrè ẹni tó máa bá wọn wá koríko. Nítorí náà mo lọ sí etí irà, mo fa koríko tu bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Fífà ni wọ́n ń fà á, wọn kì í fi ọ̀bẹ gé e. Koríko náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ sì ní òwú funfun múlọ́múlọ́.

Mo tẹ́ ẹ sórí itan wọn. Wọ́n yan èyí tó le jù, wọ́n dì í mú lóòró lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ká òmíràn sí méjì ní ìbàdí rẹ̀, ó sùn sí apá ọ̀tún. Wọ́n yí gbogbo rẹ̀ díẹ̀, tí èyí tó sùn fi kọjú sókè, wọ́n tún ká òmíràn lé e. Bí wọ́n ṣe ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ká a, àtàǹpàkò wọn ò sì kúrò ní àárín, nítorí bí ọwọ́ bá dẹ̀ níbẹ̀ gbogbo rẹ̀ á tú. Díẹ̀díẹ̀ ni àárín náà di igun mẹ́rin tó dán, tí apá mẹ́rin yọ lára rẹ̀. Wọ́n fi òwú di ẹnu apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n fi sísọ́ọ̀sì ré e kó dọ́gba. Ọwọ́ tí kì í lè gbé síbí dúró mọ́, tí èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, kò gbọ̀n rárá títí wọ́n fi ṣe é tán.

Bí wọ́n ṣe ń hun ún ni wọ́n ń sọ bó ṣe rí nígbà èwe wọn. Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ilé á gbé ìdì koríko náà, á lọ dúró síta nínú òkùnkùn, á kanlẹ̀kùn. Á ní, "Ẹ kúnlẹ̀, ẹ la ojú yín, ẹ jẹ́ kí Bríd wọlé!" Àwọn tó wà nínú ilé á kúnlẹ̀, wọ́n á dáhùn pé, "Ó káàbọ̀! Ó káàbọ̀!" Ọmọ náà á wọlé, wọ́n á gbé koríko sábẹ́ tábìlì tàbí sábẹ́ ìkòkò, wọ́n á wá jẹun: pòtétò tí wọ́n gún, tí wọ́n sọ bọ́tà gbígbóná sí láàárín. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni híhun bẹ̀rẹ̀. Bàbá á wọ́n omi ìbùkún sí àgbélébùú, wọ́n á fi ọ̀kan kọ́ sókè ìlẹ̀kùn, wọ́n á fi òmíràn kọ́ sínú ilé màlúù, kí iná má jó ilé, kí àrá má sán lù ú, kí ebi má wọlé. Àwọn ilé kan kì í yọ ti èṣí. Wọ́n á kàn fi tuntun há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé. Ní ti orísun rẹ̀, wọ́n ní Brigid ló jókòó ti olóyè kan tó ń kú lọ, tí kò tíì gba Kírísítì gbọ́. Ó he koríko tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, ọkùnrin náà bi í pé kí lo ń ṣe yẹn, bí ó ṣe ń hun ún ló ń sọ ìtàn àgbélébùú fún un, ọkùnrin náà sì gba ìrìbọmi kó tó dákẹ́. Bí mo bá jókòó ti àwọn tó ń lọ lóru nílé iṣẹ́ wa, ìtàn yẹn ni mo máa ń rántí. Ọwọ́ tó ń ṣe nǹkan, ohùn jẹ́jẹ́, ẹnìkan tí kò fi aláìsàn sílẹ̀ nìkan: iṣẹ́ wa náà nìyẹn.

Àṣà náà kò dọ́gba káàkiri. Ní Kerry, àwọn ọ̀dọ́ á dé fìlà koríko gbígbẹ tó bo ojú, wọ́n á gbé ọmọláńgidi Brigid láti ilé dé ilé pẹ̀lú orin àti ijó, wọ́n á gba owó tàbí oúnjẹ. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Killorglin. Ní apá Galway, wọ́n á fi koríko gbígbẹ hun òrùka ńlá kan, gbogbo ilé á kọjá láàárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún àlàáfíà ara. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn kì í yí kẹ̀kẹ́ kankan lọ́jọ́ náà: kẹ̀kẹ́ ẹrù kò ní jáde, ọlọ kò ní yí, kẹ̀kẹ́ ìrànwú á dúró. Ẹ rò ó wò, Màámi. Obìnrin tó ń ran òwú láti ọdún dé ọdún, ọjọ́ kan wà tí ọkọ rẹ̀ kò lè bi í pé kí ló ń ṣe tí ọwọ́ rẹ̀ fi dilẹ̀.

Láàárín 1937 sí 1939, ìjọba ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé lọ máa bi àwọn òbí àti òbí àgbà wọn léèrè ìtàn àti àṣà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ wọn. Nǹkan bí 50,000 ọmọ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n kọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, mo sì máa ń kà á lóru tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Brigid kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọdé, ohun tí ìyá àgbà wọn sọ gẹ́lẹ́. Yóò wù mí kí ẹnìkan ṣe bẹ́ẹ̀ nílé kí àwọn àgbà tó lọ tán. Ẹ sọ fún Káyọ̀dé kó fi fóònù rẹ̀ gba ohùn Bàbá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìdílé wa. Ẹ má jẹ́ kó fi falẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìjọba kò fún Brigid ní ọjọ́ ìsinmi kankan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbélébùú rẹ̀ wà lójú tẹlifíṣọ̀n ìjọba láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ìparí 1961, òun ni àmì wọn fún ọdún gbọọrọ, síbẹ̀ nínú àwọn alábòójútó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Patrick nìkan ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ti ọ́fíìsì. Àwọn obìnrin ló jà fún un. Kòrónà ló sì wá ṣínà. Ẹ rántí ọdún yẹn, tí mo ń pè yín láti inú mọ́tò nítorí ẹ̀rù ń bà mí láti wọ inú ilé bá àwọn ọmọ. A pàdánù ọ̀pọ̀ àwọn arúgbó. Ní Jánúárì 2022, ìjọba kéde pé ọjọ́ ìsinmi kan yóò wà ní ọjọ́ 18 oṣù Máàṣì ọdún náà láti rántí àwọn tó kú àti láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, pé láti 2023 lọ ọjọ́ Brigid yóò di ìsinmi títí láé. Ìkẹwàá ni nínú àwọn ọjọ́ ìsinmi wọn, òun sì ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ obìnrin. Ọjọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Fẹ́búárì ni, àyàfi bí ọjọ́ kìíní bá bọ́ sí Fúráìdè, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á lò. Kò sí ọjọ́ mìíràn tí wọ́n ì bá yàn tó bá iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àkọ́kọ́ rẹ̀ dé, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí arúgbó kì í gba ìsinmi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwa náà wà nínú àwọn tí wọ́n tìtorí wọn ṣe é.

Ìdí tó fi wà lókè ìlẹ̀kùn mi rèé. N kò bọ ọ́. N kò bú u, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u nílé mi. Ọmọ ẹrúbìnrin tó bọ́ àwọn tí ebi ń pa, tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba, tí ìyá àgbà kan láti Donegal fi ìṣẹ́jú tó kù nínú ìrántí rẹ̀ kọ́ mi ní ohun tó jẹ mọ́ ọn, ó tọ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbi tí àwọn ọmọ mi ń gbà wọlé.

Ó ku ohun kan. Alẹ́ ọdún yìí, wọ́n máa ń fi aṣọ kékeré tàbí rìbọ́ọ̀nù sílẹ̀ síta, lórí igi tàbí lójú fèrèsé, wọ́n ní Brigid á fọwọ́ kàn án bó bá ń kọjá. Wọ́n ń pa á mọ́ láti ọdún dé ọdún, wọ́n ń fi di orí ẹni tí orí ń fọ́, wọ́n sì ń gbé e lé ara aboyún tó ń rọbí. Èmi náà so ọ̀kan mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé wa, funfun ni, ó sì wà nínú àpòòwé yìí fún ìyàwó Káyọ̀dé. Ẹ gbàdúrà sí i lórúkọ Jésù kí ẹ tó fún un. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, ẹ má wulẹ̀ bá mi jà, ẹ fi so irun ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà lọ́jọ́ ìkómọ, ó gùn tó o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sí ọsibítù láìpẹ́, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí omi bá ti dà.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ fún oògùn Bàbá àti fún páànù ilé ìdáná. Káyọ̀dé ni mo fi ránṣẹ́ sí, ẹ bi í léèrè. Ẹ bá mi kí Àǹtí Bísí, ẹ bá mi kí Ìyá Ìjọ àti gbogbo ẹgbẹ́ yín. Àwọn ọmọ ní kí n kí yín, èyí àbígbẹ̀yìn ní kí ẹ rántí pé ẹ ṣèlérí gúgúrú àti ẹ̀pà fún òun. Bí ìyàwó Káyọ̀dé bá ti bí, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́, ẹ pè mí lóru.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́